Igi Ẹ̀yìn Yàrá Ìyá Ọkọ Mi

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ tán, ẹ lè má gbà mí gbọ́ mọ́. Obìnrin tó máa ń yọ ẹran inú àwo tiẹ̀ sínú tèmi ni. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀, kéèyàn yáa yà fún un lọ́nà ni. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé ara wọn, èmi ni mo sì wà láàárín.

Iṣẹ́ igi ni èmi àti ọkọ mi ń ṣe. Kánsù ló gbà wá pé ká máa tọ́jú àwọn igi ẹ̀bá títì, ká rẹ́ èyí tó yẹ ká rẹ́, ká gé èyí tó bá ti kú. Òun ló ń gùn wọ́n, èmi ni mò ń di okùn ẹ̀ mú nísàlẹ̀. Ológbò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sí igi tí kò lè gùn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé gbogbo ìyàwó ló ń fokùn so ọkọ mọ́lẹ̀, èmi nìkan ni wọ́n ń sanwó oṣù fún lórí ẹ̀. A jọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá wò mí nígbà tó bá wà lókè, tí okùn wà lọ́wọ́ mi. N kì í rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. N kì í tiẹ̀ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí mi.

Lọ́dún yẹn ni kòkòrò dé. Kòkòrò ọ̀hún ò tó hóró ìrẹsì. Á lu ihò tíntín sára igi, á wọlé, á sì máa jẹ ẹ́ láti inú lọ́hùn-ún. Ewé á ṣì tutù yọ̀yọ̀ lókè, ẹyẹ á ṣì máa ké níbẹ̀, àṣé inú igi ti di ìyẹ̀fun. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ẹni tó gbin igi ìlú wa láyé ọjọ́un, ẹyọ irú igi kan ṣoṣo ló gbìn láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin ẹ̀, torí ó lẹ́wà lójú. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Kòkòrò náà rí i pé ó lẹ́wà.

Ohun tó wá lé wa léré ni òjò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn kòkòrò yẹn á hu ìyẹ́, wọ́n á jáde, wọ́n á fò lọ sí àdúgbò míì. Ìyẹn ni kánsù fi ní kí gbogbo igi àdúgbò wa wà nílẹ̀ kí òjò tó dé, kí wọ́n tó wá fi oríṣiríṣi igi rọ́pò wọn. Àwọn èèyàn bú wa. Ìyá kan dúró lójú wíńdò, ó ní ọmọ ẹni tó gégi ò ní rí ibòji. Kí ni ká sọ? A gé e, a kọjá.

Òfin méjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ti ọ́fíìsì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gun igi tí kòkòrò bá ti jẹ. Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sókè ni kí a lò, tí ọkọ̀ ò bá ráyè wọlé, kí a fi wáyà fa igi náà wó. Òfin kejì, ọ̀gá wa ló ṣe é. Baba Onífèrè là ń pè é, torí fèrè ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo. Kí ẹni kankan tó kúrò nílẹ̀, Baba Onífèrè á kọjú sí ẹni tó di okùn mú, á ní, “Ṣé inú ẹ mọ́ sí ẹni tó ń lọ sókè yìí?” Tí o bá ní ó mọ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí o bá ní kò mọ́, wàá ju okùn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní bú ẹ. Ẹni tó bá jẹ́ tuntun máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo rí ọkùnrin kan tó jẹ́wọ́ lójú gbogbo wa pé òun ò lè di okùn ẹnì kejì òun mú torí pé ó jẹ oúnjẹ òun láàárọ̀. Baba Onífèrè ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ tó ń bínú kì í dúró sójú kan.

A ti gé gbogbo igi àdúgbò yẹn tán, ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀yìn ilé ìyá ọkọ mi ló wà, nínú ọ̀nà tóóró kan tí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù gan-an ń fara họ ògiri kó tó kọjá níbẹ̀. Ọkọ̀ agbéniròkè ò lè débẹ̀ láéláé. Igi náà ti fẹ̀gbẹ́ sórí òrùlé yàrá ìkẹyìn, yàrá Màámi, bí a ṣe ń pe ìyá ọkọ mi. Tí wáyà bá fà á, ibi kan ṣoṣo ló máa wó sí. Àwọn ayálégbé inú ilé ẹ̀ ti kó jáde. Màámi gbé àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀ láti inú, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lérí itan.

Baba Onífèrè bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kánsù á tún yàrá náà kọ́ fún un.

“Kánsù wo? Kánsù tí mo ti ń bẹ̀ nítorí gọ́tà iwájú ilé láti ọjọ́ tí mo ti ní eyín lẹ́nu?”

“Ìyá, ẹ̀mí yín là ń rò.”

“Ẹ kú àròjinlẹ̀. Ọwọ́ ọkọ mi ló mọ yàrá yìí, búlọ́ọ̀kù kan lé kan. Inú ẹ̀ ni mo bí ọmọ mi sí. Ẹ ẹ̀ ní fi igi fọ́ ọ níṣojú mi. Ṣebí ẹ lẹ́ni tó ń gun igi? Kó gùn ún, kó máa gé e wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi ni. Kò sí igi tí ọmọ mi ò lè gùn.”

Mo wo ojú ọkọ mi. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó lanu.

Ó ní, “Màá gùn ún, Màámi.”

Mo fa bẹ́líìtì ẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo fà á dé ìdí ògiri. Mo ní, “Ológbò, ṣé orí ẹ pé? Ihò kún ara igi yẹn láti ìdí dé ọrùn.”

“Ihò ara lo rí. O ò rí inú ẹ̀.”

“Kí n tó rí inú ẹ̀, ṣé kó kọ́kọ́ dà ẹ́ sílẹ̀ ni?”

“Ìyá mi ni.” Ó rọra sọ ọ́ ni. “O fẹ́ kí n dúró síbí kí n máa wò ó tí wọ́n á fi ipá gbé e jáde bí ẹrù, tí wọ́n á wá wó yàrá ẹ̀?”

“Èmi ńkọ́? Èmi tí mo fẹ́ ẹ, kí ni wọ́n á gbé mi bí?”

Ó lọ mú akoto ẹ̀. Mo wo Baba Onífèrè pé òun ni òfin wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó sọ̀rọ̀. Baba Onífèrè gbójú sókè. Òjò ti ṣú láti apá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, atẹ́gùn sì ti ń gbé ìdọ̀tí kiri lójú ọ̀nà. Ó wo igi, ó wo Màámi, ó wo òjò. Òjò ló borí. Ó ní, “Ká kọ́kọ́ ju okùn lé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ná. Ká dán an wò.”

Bí a ṣe ń dán igi wò rèé. A ó ju okùn kọjá lórí ẹ̀ka tó nípọn. Ẹni tó fẹ́ gùn á so orí kan mọ́ bẹ́líìtì ẹ̀, orí kejì á yí ìdí òpó kan lẹ́ẹ̀mejì kó má baà wúwo jù, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á wá dì í mú. Ẹni tó fẹ́ gùn á gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀, á fi gbogbo ara rọ̀. Bí ẹ̀ka bá gbé e, ó yá, ó ń lọ sókè nìyẹn. Ọkọ mi ju okùn, ó kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yí i mọ́ òpó irin tí wọ́n ń so okùn aṣọ mọ́. Baba Onífèrè wá kọjú sí mi.

“Ṣé inú ẹ mọ́ sí ẹni tó ń lọ sókè yìí?”

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó mọ́ ni mo máa ń sọ. Kódà láwọn ọjọ́ tí a ti jà láàárọ̀, mo máa ń yanjú ẹ̀ lójú ọ̀nà kí n tó débẹ̀. Mo wo igi yẹn. Mo ní, “Kò mọ́.”

Ọkọ mi yíjú sí mi kíá.

Baba Onífèrè ní, “Sí ta ni kò ti mọ́?”

“Sí òun. Sí ìyá ẹ̀. Sí ẹ̀yin náà, ọ̀gá, ẹ má bínú.” Mo sì ju okùn sílẹ̀.

Mo rò pé mo gbọ́n. Mo rò pé gbogbo ẹ̀ ti parí nìyẹn. Àwa mẹ́rin péré la wà níbẹ̀: awakọ̀ ò lè kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì wáyà lójú títì, Baba Onífèrè gbọ́dọ̀ máa wo òkè. Ta ló kù tó máa di okùn mú? Mo ti ń fi ọwọ́ nu òógùn ojú mi nígbà tí mo gbọ́ tí àga ń dún.

Màámi dìde. Ó jáde nínú yàrá tí gbogbo wa ti ń bẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ pé kó jáde. Ó rọ aṣọ ìdí ẹ̀ ṣinṣin, ó rìn kọjá lára mi.

Ó ní, “Gbé okùn yẹn fún mi. Ọmọ tí mo lóyún ẹ̀, ṣé okùn ẹ̀ ni mi ò ní lè dì mú?”

Mo ní, “Màámi, wọn kì í fi ẹnu di okùn mú o.”

“Mo ti ń gbé ọmọ yìí kí o tó mọ orúkọ ẹ̀.”

“Ẹ gbà nígbà yẹn! Ẹ gbà! Àmọ́ tó bá jábọ́, ẹ̀yin lẹ máa wá sọ fún mi o. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí mi. Mi ò fẹ́ di opó nítorí òrùlé páànù!”

Ọkọ mi ní, “Ó tó!” Mo ní kò tó. Baba Onífèrè fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa dákẹ́. Ó ní, “Àdánwò nìkan ni wọ́n máa dì mú. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó mọ èyí tí a máa ṣe.”

Èmi ni mo dé akoto mi lé Màámi lórí. Èmi ni mo wọ ìbọ̀wọ́ fún un, ìbọ̀wọ́ mi, tó ṣì gbóná. Mo fi bí a ṣe ń dì í mú hàn án. Ó rọra sọ ọ́ kí ẹlòmíì má gbọ́, ó ní, “Ṣé o rò pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀ ni?”

“Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀, Màámi. Ẹ wá gbójú lé e pé igi náà fẹ́ràn ẹ̀.”

Ó fa okùn le.

Ọkọ mi so ara ẹ̀ mọ́ orí kejì. Ó rẹ́rìn-ín sí ìyá ẹ̀, irú ẹ̀rín tó máa ń rín nígbà tó bá fẹ́ kí n fọkàn balẹ̀. Mo kórìíra ẹ̀rín yẹn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀. Okùn gbọ̀n, ó dúró. Ó gbé èkejì. Ó ń fì lórí afẹ́fẹ́, bàtà ẹ̀ ò ga ju orúnkún èèyàn lọ. Ẹ̀ka ò mira. Ewé ẹ̀ tutù, ó ń mì lẹ́lẹ́. Mo rí i tí ojú Màámi ń tàn bọ̀, mo rí i tó fẹ́ wo ọ̀dọ̀ mi kó sọ pé ṣebí òun wí.

Igi náà dún. Ohùn kékeré ni, ó ní kẹ́ẹ́, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bíi lẹ́búlẹ́bú bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ láti òkè, dúdú, ó ń bà lé akoto ọkọ mi. Mo rí ojú Màámi. Ó ti gbọ́ ọ nínú okùn kí àwa tó gbọ́ ọ létí, mo mọ̀, torí ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ. Fèrè ké. Ọkọ mi tú ìkọ́ okùn kúrò ní bẹ́líìtì ẹ̀, ó já lulẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ṣubú. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo di bẹ́líìtì ẹ̀ mú, mo wọ́ ọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì, orí wa gbá ògiri. Ẹ̀ka yẹn dé lẹ́yìn wa. Ó fọ́ táńkì omi, ó tẹ ìlẹ̀kùn ilé ìdáná pẹrẹsẹ, ilẹ̀ mì lábẹ́ ìkùn mi.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, mo fọwọ́ kan orí ẹ̀, ọrùn ẹ̀, àyà ẹ̀. Ó ń sọ pé kò ṣe òun ní nǹkan kan. Mo gbá a létí. Mo wá gbá a mọ́ra, mo sì ń sunkún bí ọmọdé.

Màámi ṣì di okùn mú. Orí kejì okùn ti há sábẹ́ ẹ̀ka, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó dì í mú, ó fi ẹ̀yìn tì. Baba Onífèrè ń sọ fún un pé, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀. Ó ti wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀.” Kò gbọ́. Ọkọ mi ló lọ bá a, tó ń tú ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára okùn. Màámi wo ọmọ ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó wo ìdí ẹ̀ka náà níbi tó ti ya: èèpo ṣì dúró lára ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ṣófo, ó dúdú, àwọn kòkòrò kéékèèké ń rìn níbẹ̀.

Ó ní, “Ẹ wó o.”

Ọkọ mi ní, “Màámi, yàrá yín…”

“Mo ní kí wọ́n wó o! Ṣé o dití ni?”

A ò fàkókò ṣòfò. A gbé bẹ́ẹ̀dì jáde, a gbé àpótí aṣọ, ìkòkò, àga tó jókòó lé láti àárọ̀. Màámi ò bá wa gbé nǹkan kan. Ó dúró lójú títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ pẹ̀lú akoto mi lórí, ó sì di apá aṣọ ọmọ ẹ̀ mú. Àgbàlagbà ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n, kò jẹ́ kó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Baba Onífèrè fọn fèrè, wáyà nà tantan, igi náà tẹ̀, ó sì wó. Òrùlé yẹn kò tiẹ̀ dá a dúró. Ògiri tí ọkọ ẹ̀ mọ, búlọ́ọ̀kù kan lé kan, ó wó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìgbà tí a dé ìdí igi, èèyàn lè wọnú ẹ̀ jókòó. Màámi wá wò ó. Ó ní, “Ibí yìí ni mo fẹ́ rán ọmọ mi lọ.” Ó jókòó sílẹ̀ nínú eruku, ó bú sẹ́kún, ó ń pe orúkọ ọkọ ẹ̀. Mo ti ń di ìbínú sínú fún un láti àárọ̀, mo wá ìbínú náà nínú ara mi, mi ò rí i mọ́. Mo jókòó tì í. A fi ọ̀rá bo gbogbo igi náà kí àwọn kòkòrò má baà rí ibi fò jáde, a sì fi òkúta tẹ etí ẹ̀. Bí a ṣe ń tẹ èyí tó gbẹ̀yìn ni òjò dé.

Ọ̀dọ̀ wa ni Màámi ń gbé báyìí. Ẹ má bi mí bó ṣe rí. Ó ní iyọ̀ mi pọ̀ jù, ó ní bí mo ṣe ń ká aṣọ kò dáa, ó sì ti gba ẹ̀gbẹ́ wíńdò. Mo fẹ́ kí ọkọ mi wà láàyè, Ọlọ́run wá fún mi ní òun àti ìyá ẹ̀. Tí a bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó máa ń bi mí irú igi tó wà níbẹ̀, bóyá ọkọ̀ lè wọlé. Èmi ló máa ń bi. Kì í bi ọmọ ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ti rin dáadáa, kánsù gbé igi tuntun wá. Ọkọ̀ kan kún fún wọn, nínú ọ̀rá dúdú, oríṣiríṣi, kí kòkòrò kan má baà tún jẹ gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ni ilé ni wọ́n ní kó mú èyí tó bá wù ú. Wọ́n ti palẹ̀ àlàpà yàrá Màámi mọ́, ó ku ilẹ̀ pupa lásán. Ọkùnrin tó kó igi wá ń polówó fún un. Ó ní èyí máa ń yọ òdòdó, èyí ní ibòji tó fẹ̀, èyí sì rèé, ọdún díẹ̀ ló máa fi ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ.

Màámi ní, “Èwo ni kì í ga nínú wọn?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ìyá, igi tí kì í ga kẹ̀? Ibòji wo lẹ fẹ́ rí lábẹ́ ìyẹn?”

“Ṣé mo bi ẹ́ ní ibòji ni?” Ó pe ọmọ ẹ̀, ó ní kó wá dúró ti òun. Ológbò rìn wá, ó rò pé nǹkan ló fẹ́ kí òun gbé. Màámi nàró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e ní àárín orí. Ó ní, “Kó má ga ju ibí yìí lọ.”

Ọkùnrin náà wá inú ọkọ̀ títí, ó rí ọ̀kan níkẹyìn, kékeré báyìí, ewé ẹ̀ ò ju mélòó kan lọ. Màámi ò tíì gbé ọwọ́ kúrò. Mo mú ṣọ́bìrì, mo lọ gbẹ́ ihò síbi tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ máa ń wà.